Ẹ̀jẹ̀ San Gennaro

Ẹ̀jẹ̀ San Gennaro, ẹni mímọ́ alábòójútó ìlú Napoli, ni wọ́n ń pe ohun dúdú kan tó dì sínú ìgò kékeré ní kàtídírà ìlú náà, ní gúúsù Ítálì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni èrò máa ń rọ́ lọ wò ó bóyá yóò yọ́: Sátidé tó ṣáájú Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún, ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án tí í ṣe àjọ̀dún ẹni mímọ́ náà, àti ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, ìrántí ìgbà tí òkè ayọnáyèéfín Vesuvius bú gbàmù ní 1631.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé bíṣọ́ọ̀bù Benevento ni Gennaro, pé wọ́n bẹ́ orí rẹ̀ ní Pozzuoli ní nǹkan bí ọdún 305, lásìkò tí Diocletian, olú ọba Róòmù, ń ṣe inúnibíni sí àwọn Kristẹni, àti pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Eusebia ló gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Àmọ́ ọdún 1389 ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa yíyọ́ ẹ̀jẹ̀ náà wá. Àlàfo ẹgbẹ̀rún ọdún kì í ṣe kékeré.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń pè ní «ẹbí San Gennaro» ló máa ń wà níwájú. Wọn á gbàdúrà, wọn á kọrin. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń fi falẹ̀, àdúrà á di èébú: «olójú yẹ́lò» ni wọ́n máa ń pe ẹni mímọ́ náà, nítorí ère fàdákà rẹ̀ tí wọ́n fi wúrà bò. Àlùfáà á máa yí ohun èlò tí ìgò wà nínú rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bó bá yọ́, wọn á fi áńkáṣíìfù funfun juwọ́, àtẹ́wọ́ á sì bo gbogbo ilé.

Bí kò bá yọ́, àyà gbogbo ìlú á já. Kò yọ́ ní oṣù Kẹsàn-án 1980. Ní oṣù Kọkànlá, ilẹ̀ mì tìtì ní Irpinia, agbègbè kan tí kò jìnnà sí Napoli, ó sì pa èèyàn tó lé ní 2,000. Kò yọ́ ní oṣù Kejìlá 2020 náà. Yíyọ́ pàápàá lè dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ ogun Faransé gba Napoli ní 1799, ẹ̀jẹ̀ náà yọ́ lójú wọn. Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ọba ní San Gennaro ti bá ọ̀tá dọ́rẹ̀ẹ́, wọ́n sì gba ipò alábòójútó ìlú lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, wọ́n gbé e fún ẹni mímọ́ mìíràn, Antonio ti Padua. Níwájú Póòpù Francis ní 2015, ìdajì ẹ̀jẹ̀ náà ló yọ́.

Ní 1991, Luigi Garlaschelli, onímọ̀ kẹ́míkà ará Ítálì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature pé àwọn ti fi èròjà irin kan tó wà lára Vesuvius, ẹfun, iyọ̀ àti omi ṣe ohun pípọ́n kan tó máa ń dì bí ẹ̀kọ tútù, tó sì máa ń di omi bí wọ́n bá mì ín. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, yíyí tí àlùfáà ń yí i láti mọ̀ bóyá ó ti yọ́ gan-an ló ń yọ́ ọ. Ìjọ Àgùdà kò fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ìyanu ni, kò sì gbà kí wọ́n ṣí ìgò náà fún àyẹ̀wò.