Ìmúrọrùn eré ìtàn orí tábìlì fún àwọn àkàndá ẹ̀dá

Eré ìtàn orí tábìlì ni eré tí àwọn ènìyàn mélòó kan máa ń jókòó yí tábìlì ká fi ẹnu ṣe. Oníkálukú á mú ẹ̀dá-ìtàn kan, á máa sọ ohun tí ẹ̀dá náà ń ṣe, olùdarí eré á sì máa sọ ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Dáìsì ló ń pinnu bóyá ohun tí ẹnì kan dáwọ́ lé yọrí. Èyí tó lókìkí jù ni Dungeons & Dragons, iṣẹ́ Gary Gygax àti Dave Arneson, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Ìmúrọrùn eré yìí ni ètò tí wọ́n ń ṣe sí ibi ìṣeré, irinṣẹ́ àti ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ kí afọ́jú, adití, arọ àti àwọn àkàndá ẹ̀dá mìíràn lè bá wọn ṣe é.

Dáìsì àti ìwé

Ẹnu àti etí ló gbé eré yìí ró bíi ti àlọ́, nítorí náà ìtàn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìṣòro fún afọ́jú. Dáìsì àti ìwé òfin eré náà ni ìṣòro. Dáìsì 7 ló sábà máa ń wà nínú àpò kan, láti orí olójú 4 dé olójú 20. Ojú kọ̀ọ̀kan lára olójú 20 kéré débi pé àmì bíráìlì, ìyẹn àmì tí afọ́jú máa ń fi ọwọ́ kà, kì í fẹ́ gbà níbẹ̀, ìdí nìyí tí dáìsì oníbíráìlì fi máa ń tóbi. DOTS RPG Project, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí dáìsì oníbíráìlì, ń fi àwòrán irú rẹ̀ síta fún ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó lè fi rọ́bà tẹ̀ ẹ́ jáde. Áàpù orí fóònù tó ń ka nọ́ńbà síta náà wúlò. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń bá afọ́jú ju dáìsì, ṣùgbọ́n fífi ọwọ́ ara ẹni jù ú wà lára adùn eré náà, kò yẹ kí wọ́n tètè gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìwé òfin eré tí wọ́n kàn ya fọ́tò ojú ewé rẹ̀ kì í sábà ṣe é kà dáadáa fún TalkBack tàbí NVDA, ìyẹn àwọn ètò tó ń ka ohun tó wà lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà síta fún afọ́jú, nítorí àwòrán ni wọ́n bá níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Iná àti ariwo

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ iná ló le jù. Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, èdè ọwọ́ dópin lójú ẹsẹ̀: ògbufọ̀ ń sọ ọ́, adití kò rí i. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n bá tàn á tún máa fi ariwo dí afọ́jú àti ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa lọ́wọ́. Iná oníbátìrì tàbí ti sólà, tó tàn sí ojú àti ọwọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, dára jù fún ẹgbẹ́ tí adití àti afọ́jú bá jọ wà.

Ẹ̀gbẹ́ olùdarí eré ni ògbufọ̀ máa ń jókòó sí, kí adití lè máa wo àwọn méjèèjì pọ̀. Orúkọ ẹ̀dá àti ìlú inú ìtàn, tí ògbufọ̀ ì bá máa fi ìka to lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, dára kó ní àmì ọwọ́ tirẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí ṣòro nígbà tí ìjà bá gbóná nínú ìtàn, ìgbà náà gan-an sì ni ọ̀rọ̀ máa ń fo adití kọjá.

Ibi ìṣeré

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Èbúté Mẹ́ta jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ àtẹ̀gùn nìkan ló ní. Yàrá ìsàlẹ̀ ló tọ́ sí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, pẹ̀lú tábìlì tí kẹ̀kẹ́ náà lè wọ abẹ́ rẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ló dá LASODA, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà, sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ àkàndá ẹ̀dá. Òfin ìjọba àpapọ̀, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé ìlò gbogbogbò ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe. Pálọ̀ ẹni kò sí nínú èyí, ibẹ̀ sì ni eré yìí ti sábà máa ń wáyé, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó gba àlejò ló wà.

Ẹ̀dá-ìtàn

Ìmúrọrùn kan inú ìtàn náà pẹ̀lú. Lọ́dún 2020, Sara Thompson, tó ń ṣètò irú eré yìí, gbé òfin eré tó ń jẹ́ Combat Wheelchair jáde lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó jẹ́ kí jagunjagun inú Dungeons & Dragons lè máa lo kẹ̀kẹ́ arọ lójú ogun láìsí pé wọ́n kọ́kọ́ wò ó sàn.