Ta ló kọ ìwé Landau àti Lifshitz?

Ọ̀wọ́ ìwé físíìsì kan wà tí wọ́n ti fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì káàkiri ayé láti ìgbà Sófíẹ̀tì. Ìdìpọ̀ mẹ́wàá ni, "Landau àti Lifshitz" ni wọ́n sì ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fa ìdìpọ̀ kẹwàá yọ lórí pẹpẹ, Lifshitz àti Pitaevskii ni yóò bá níbi orúkọ òǹkọ̀wé. Orúkọ Landau wà lára orúkọ ọ̀wọ́ náà; kò sí láàárín àwọn tó kọ ìdìpọ̀ yẹn. Kì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn: àwọn tó ni ọ̀wọ́ ìwé lọ́tọ̀, àwọn tó kọ ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Lev Landau, onímọ̀ físíìsì ará Sófíẹ̀tì, ló gbèrò rẹ̀. Ní Kharkov, ìlú kan ní Ukraine, ní àwọn ọdún 1930, ó gbé ìdánwò kan kalẹ̀ fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ bá a ṣiṣẹ́. Ìdánwò ọ̀hún le débi pé ènìyàn 43 péré ló yege títí di ọdún 1961. Evgeny Lifshitz ni ẹnì kejì nínú wọn. Ohun tí Landau kà sí dandan fún onímọ̀ físíìsì ni ìdánwò náà dá lé, òun náà ni ìwé wọn sì gùn lé.

Ìwé kíkọ ló ni Landau lára. Àní àwọn iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀ gan-an, ẹlòmíràn ló sábà máa ń bá a kọ wọ́n sílẹ̀. Nítorí náà, àwọn méjèèjì á jọ jíròrò ohun tí orí kan yóò gbé, Lifshitz á sì jókòó ti kálàmù. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèǹgbè. Ibi tí àwàdà kan ti jáde láàárín àwọn onímọ̀ físíìsì nìyẹn, pé kò sí ọ̀rọ̀ Landau kan nínú ìwé náà, kò sì sí èrò Lifshitz kan níbẹ̀.

Àwàdà yẹn kò ṣe ẹ̀tọ́ sí Lifshitz rárá. Ẹ wo ìdìpọ̀ kìíní, tó sọ nípa bí nǹkan ṣe ń rìn. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ara òfin Newton tí gbogbo ọmọ girama mọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló fi ṣíde: nínú gbogbo ọ̀nà tí nǹkan lè gbà kúrò níbì kan dé ibòmíràn, ìwọ̀n kan wà tó ń pinnu èyí tí yóò gbà. Láàárín ojú ewé mélòó kan, òfin Newton á ti inú rẹ̀ yọ fúnra rẹ̀. Odindi ìwé náà kò tó igba ojú ewé. Ẹni tó bá ti gbìyànjú àtiṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé èèyàn ò lè kọ ọ́ ṣókí tó báyẹn láìjẹ́ pé ó ronú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Ìdìpọ̀ kìíní yìí kan náà ló fi hàn pé ẹni tó bá kọ ìwé ni orúkọ ń tẹ̀lé. Ìwé lórí kókó yìí tó jáde ní 1940, Landau àti Pyatigorsky ló wà lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un kọ, tó jáde ní 1958, ó di Landau àti Lifshitz.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 1962, ọkọ̀ tó gbé Landau kọlu ọkọ̀ akẹ́rù. Kò kú títí di 1968, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀bùn Lenin, ẹ̀bùn ńlá ti ìjọba Sófíẹ̀tì, tí wọ́n fún òun àti Lifshitz nítorí ọ̀wọ́ ìwé yìí, ọdún ìjàǹbá náà ló bọ́ sí. Ìdìpọ̀ kẹjọ ti jáde ní 1957, bẹ́ẹ̀ ìkẹrin kò tíì sí. Wọ́n ṣí àyè rẹ̀ sílẹ̀ dè é ni. Berestetskii, Lifshitz àti Pitaevskii ló wá kọ apá kìíní rẹ̀, ó jáde ní 1968. Lifshitz àti Pitaevskii kọ ìkẹsàn-án, ó jáde ní 1978, ìkẹwàá sì tẹ̀ lé e ní 1979. Landau kò sí nídìí iṣẹ́ mọ́, síbẹ̀ ohùn ìwé kò yí padà. Ìyẹn nìkan ti tó láti dá aláwàdà lóhùn.

Ipò kan tún wà lábẹ́ èyí, ti àwọn tó tún ìwé ṣe. Nígbà tí wọ́n fẹ ìdìpọ̀ keje lójú, Landau àti Lifshitz ṣì ni òǹkọ̀wé. Kosevich àti Pitaevskii wà lábẹ́ wọn, pẹ̀lú Lifshitz fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó tún un ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ipò orúkọ mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ jù yóò ṣìnà. Berestetskii, Landau, Lifshitz, Pitaevskii: bí lẹ́tà ṣe tò ni orúkọ wọn náà ṣe ń tò, ní èdè Rọ́ṣíà àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Feynman, Leighton àti Sands, lára ìdìpọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Feynman, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ní yunifásítì Caltech yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé níbẹ̀, ẹnu Feynman ni ọ̀rọ̀ ti jáde, àwọn méjì yòókù ló sọ ọ́ di ìwé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń tọ́ka sí ìdìpọ̀ kẹwàá nínú iṣẹ́ rẹ̀, Lifshitz àti Pitaevskii ni kó kọ. Púpọ̀ ló ń kọ Landau nítorí pé ó ti mọ́ wọn lẹ́nu, Pitaevskii tó kọ ọ́ a sì di àwátì.