Bí Ọkọ̀ Ogun Nàìjíríà Ṣe Wọ Omi Kútọnu

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà àti ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ṣọ́ òkun tó wà níwájú Kútọnu, wọ́n sì sọ iṣẹ́ náà ní Operation Prosperity. Aásìkí ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn, kò sì ṣì í pè, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó àti ọjà ló gbé iṣẹ́ náà dìde ju ọ̀rọ̀ ogun lọ. Ṣùgbọ́n kí orílẹ̀-èdè méjèèjì tó jọ wọ ọkọ̀ lórí omi, ìjà kan tó wáyé lórí ilẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ wọn ní àjùmọ̀ṣe, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí àwọn olè ń jí gbé ló sì dá ìjà náà sílẹ̀.

Àdéhùn lórí ìwé ti wà tipẹ́. Ní 1978, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí i ní Èkó pé àwọn kò ní í gbógun ti ara wọn. Ní 1981, wọ́n tún fọwọ́ sí i ní Freetown pé àwọn yóò máa gba ara wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá. Ìwé lásán ni èyí jẹ́ láàrin Àbújá àti Kútọnu títí di oṣù kẹjọ ọdún 2003, nígbà tí ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti gbogbo ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ pa. Ẹ̀sùn Nàìjíríà ni pé àwọn adigunjalè ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú, wọ́n sì ń gbé e kọjá sí Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Hamani Tidjani, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger tí Nàìjíríà pè ní olórí wọn, fi ṣe ibùgbé. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi ti ẹnubodè náà. Ẹni tó bá ti dúró rí ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tó rí bí tòkúnbọ̀, àpò ìrẹsì àti páálí adìẹ dídì ṣe ń wọlé láti èbúté Kútọnu, èyí tó gba iwájú aṣọ́bodè àti èyí tó gba ọ̀nà fàyàwọ́, yóò mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan yẹn tó láti mú Bẹ̀nẹ̀ lọ́fun. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọbásanjọ́ àti Mathieu Kérékou, ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, jókòó ní Àgbádárìgì, wọ́n sì ṣe àdéhùn pé àwọn agbófinró méjèèjì yóò máa jọ ṣọ́ ẹnubodè. Wọ́n fa Tidjani lé Nàìjíríà lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 2006, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn mìíràn ní Àbújá, èyí tó pààlà sí ojú òkun láàrin wọn. Ariwo kò pọ̀ lórí rẹ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò mọ ibi tí omi tirẹ̀ parí sí kò lè pe aládùúgbò wọ inú rẹ̀.

Àwọn ajalèlókun ló wá sọ ààlà yẹn di ohun tí a ń lò. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń gbé epo bẹntiróòlù máa ń ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ sójú òkun Kútọnu, wọn a máa dúró de ẹni tí yóò já ẹrù wọn. Lóru, àwọn olè á sá ọkọ̀ kékeré wọn wá, wọn á fi àkàbà onírin kọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá, wọn á gùn ún, wọn á sì fi ìbọn kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ. Nígbà náà, wọn kì í béèrè owó ìtúsílẹ̀ bíi ti àwọn ará Somalia. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni kí wọ́n tukọ̀ náà lọ sí agbami, kí ọkọ̀ mìíràn wá fẹ̀gbẹ́ kàn án, kí wọ́n so rọ́bà mọ́ ọn, kí wọ́n sì máa fa epo láti inú ọ̀kan sí èkejì fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó fi ọkọ̀ àti àwọn tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2010, kò sí ìkọlù kankan tí wọ́n ròyìn ní omi Bẹ̀nẹ̀; ní 2011, ó di 20, wọ́n sì já ọkọ̀ mẹ́jọ gbà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, àwọn adójútòfò ní Lọ́ńdọ̀nù ka omi Bẹ̀nẹ̀ mọ́ àwọn ibi eléwu, owó ìdójútòfò gbówó lérí, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń yẹra fún Kútọnu. Nígbà tó jẹ́ pé owó aṣọ́bodè èbúté ni òpó àpò ìjọba ibẹ̀, òpó náà ti ń mì.

Boni Yayi, ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, ló ké sí Goodluck Jonathan tó jẹ́ ààrẹ Nàìjíríà. Lójú tèmi, ìpè yẹn gba ìgboyà ju bí a ti ń sọ ọ́ lọ: orílẹ̀-èdè tí etíkun rẹ̀ kò ju kìlómítà 121 lọ, tí ọkọ̀ ojú omi ológun rẹ̀ kò tó nǹkan, ní kí aládùúgbò ńlá tó ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn rí wá fi ìbọn ṣọ́ iwájú ilé òun. Nàìjíríà náà kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ ẹrù Kútọnu ń lọ, Èkó kò sì jìnnà sí ibi tí àwọn olè ń ṣọdẹ. Nàìjíríà ló pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ ogun, ọkọ̀ asáré àti hẹlikópítà. Kútọnu ni wọ́n fi ṣe ibùdó àṣẹ. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, wọ́n sì tún fi àkókò kún un. Ìyá ọlọ́jà tó ń ná ọjà ní Sẹ̀mẹ̀ kò nílò ògbufọ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ àwọn ọ̀gá ológun wọ̀nyí ní láti wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé.

Ní 2012, ìkọlù méjì péré ni wọ́n ròyìn ní Bẹ̀nẹ̀. Ní Tógò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di 15, nítorí pé àwọn olè kàn ṣí lọ sí iwájú Lomé ni. Ìgbà yẹn ló hàn pé ìṣọ́ ẹni méjì kò tó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà pàdé ní Yaoundé, olú-ìlú Cameroon, wọ́n fọwọ́ sí ìlànà kan fún gbogbo etíkun náà, wọ́n sì pín òkun sí ẹkùn ẹkùn. Ẹkùn tí wọ́n pè ní E kan Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, àti Niger pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi òkun kò dé ọ̀dọ̀ Niger rárá. Kútọnu ni wọ́n fi ibùdó ẹkùn náà sí.