Ẹ̀rọ Aboyún Tó Di Ti Ẹ̀dọ̀fóró

Bí ẹ bá dárúkọ scan, ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara, fún ìyá ọlọ́jà kan ní Ìdí-Àràbà, oyún ló máa wá sí i lọ́kàn: jẹ́ẹ̀lì tútù lórí ikùn, "Ṣé akọ ni àbí abo?" Ìyẹn ò jayò pa. Láti 1958 tí Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow ti gbé iṣẹ́ wọn jáde lórí fífi ẹ̀rọ náà wo inú ikùn ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti aboyún.

Ẹ̀dọ̀fóró ńkọ́? Wọ́n ní kò ṣeé wò, torí afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, ìró ẹ̀rọ náà kì í sì í la afẹ́fẹ́ kọjá. Oníṣègùn ẹṣin (ẹ má rẹ́rìn-ín) wà lára àwọn tó kọ́kọ́ já irọ́ yẹn. Ní 1986, Rantanen kọ ọ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá há sáàárín ẹ̀dọ̀fóró ẹṣin àti ògiri àyà rẹ̀, yíyọ̀ tí ẹ̀dọ̀fóró máa ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ kò ní hàn mọ́. Ní 1995, Daniel Lichtenstein ní Faransé fi wíwo yíyọ̀ náà mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ há sáyà èèyàn.

Àwọn dókítà akunnilóorun náà ní ìṣòro tiwọn. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ nínú àyà, ẹ̀dọ̀fóró kan gbọ́dọ̀ sinmi kí èkejì máa mí. Túùbù oníhò méjì tí Carlens ṣe ní 1949 wà fún àgbà, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ tóbi ju ọ̀nà èémí ọmọ kékeré lọ. Tọmọ ni kí wọ́n ti túùbù kan ṣoṣo wọ ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí wọ́n fi nǹkan bíi fèrè (bàlúùnù) tí ọmọdé ń fẹ́ dí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ó dí? Wọ́n á gbọ́ àyà. Àmọ́ àyà ọmọ ọwọ́ kéré, ìró ọ̀tún ń dé òsì. Ká má tíì sọ ti jẹnẹrétọ̀ tó ń bú lẹ́yìn fèrèsé l'Ékòó wa níbí.

Ìgbà náà ni scan wúlò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń mí, ìlà funfun kan, etí ẹ̀dọ̀fóró, ń yọ̀ bí èèrà tó ń tò lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ìlà náà dúró sójú kan, ó kàn ń gbọ̀n bí ọkàn ṣe ń lù. Àìyọ̀ yìí, tó ń já dókítà láyà níbòmíràn, ni wọ́n ń wá níbí. Ṣùgbọ́n scan kò lè fi ibi tí fèrè náà jókòó hàn. Kámẹ́rà tín-ín-rín ló ń ṣe ìyẹn.

Bí iṣẹ́ bá parí, tí wọ́n ti di àyà, wọ́n á tún gbé scan lé ẹ̀gbẹ́ tó sinmi, kí wọ́n wò ó bóyá èèrà ti tún ń tò.