Tí tornado bá ń bọ̀, ibo nínú ilé?

Ààjà tá a mọ̀ nílé, tó máa ń gbé eruku àti ọ̀rá yípo lójú títì, ẹ má fi wé tornado Amẹ́ríkà o. Èyí tó le jù nínú ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní EF5, afẹ́fẹ́ ẹ̀ máa ń kọjá 200 máìlì ní wákàtí kan. Irú ẹ̀ ló wọ Moore ní Oklahoma ní May 20, 2013, èèyàn 24 ló kú. Afẹ́fẹ́ yẹn ò mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n tì gbọn-in, ibi tí ará ilé máa sá sí gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ilé tó bá ní basement, ìyẹn yàrá abẹ́ ilẹ̀, wàhálà dín. Àmọ́ lágbègbè Dallas, níbi táwọn Yorùbá pọ̀ sí dáadáa, ọ̀pọ̀ ilé ni ò ní. Yàrá kékeré tí ò ní wíńdò ni wọ́n máa ń mú, nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín ilé: ibi tí wọ́n ń kó aṣọ sí, bàlúwẹ̀, abẹ́ àtẹ̀gùn. Ohun tí afẹ́fẹ́ náà ń gbé fò ló ń pani jù, pákó, ìṣó, gíláàsì, búlọ́ọ̀kù, torí náà bí ògiri bá ṣe pọ̀ tó láàárín èèyàn àti ìta ló ṣe dáa tó. Àwọn kan á ní kí wọ́n ṣí wíńdò kílé má bẹ́, irọ́ ni, wọ́n kàn ń ṣílẹ̀kùn fún un ni. Mobile home, ilé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣeé wọ́ kiri, ní tiẹ̀, kò sí yàrá tó lè gbani níbẹ̀, kí wọ́n ti kúrò kó tó dé ni.

Ìkìlọ̀ méjì làwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ máa ń ṣe, watch àti warning, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Watch ni pé ojú ọjọ́ ti ń ṣe bíi pé tornado lè wáyé, wọ́n ṣì lè máa rokà lọ, kí wọ́n ṣáà ti cháàjì fóònù. Warning ni pé wọ́n ti rí i lójú tàbí lórí rádà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù, kí wọ́n fi ọkà sílẹ̀ kí wọ́n pa iná ẹ̀. Siren ìgboro, ìyẹn fèrè ìkìlọ̀, ti ẹni tó wà níta ni, ẹni tó sùn tí AC ń kùn létí ẹ̀ lè má gbọ́ ọ, torí náà ẹni tó ti pa alert fóònù ẹ̀ torí ariwo, kó yáa tàn án padà. Tornado tó wọ Garland àti Rowlett nítòsí Dallas ní December 26, 2015, ilẹ̀ ti ṣú kó tó dé.

Nínú yàrá ààbò yẹn ni kí báàgì ti wà: omi gálọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ó kéré tán fún ọjọ́ mẹ́ta, tọ́ọ̀ṣì, oògùn, pásípọ́ọ̀tù nínú ọ̀rá, helmet kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ. Bàtà ni wọ́n máa ń gbàgbé. Bí ìjì bá lọ tán, gíláàsì àti ìṣó ló kù nílẹ̀, sílípáàsì ò sì lè gbà wọ́n níbẹ̀.

Bí wọ́n bá gbọ́ òórùn gáàsì, kí gbogbo wọn jáde, kẹ́nikẹ́ni má tan nǹkan kan. Jẹ́nẹ́rétọ̀ náà, ìta ló ń gbé, jìnnà sí wíńdò, kì í ṣe gáráàjì.