Bí Epoxy àti Ọ̀dà Ṣe Ń Dáàbò Bo Ọkọ̀ Àjẹ̀ Tí A Fi Plywood Kàn

Ojú plywood tó tẹ́ lọ rẹrẹ kọ́ ni omi sábà máa ń gbà ba ọkọ̀ jẹ́. Etí rẹ̀ ni, níbi tí ayùn ti gé e, àti ojú ihò sikúrúù. Ẹnu fọ́nrán igi là sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì máa fa omi gba abẹ́ ọ̀dà lọ. Kí ọ̀dà tó wú síta, pákó abẹ́ rẹ̀ lè ti máa jẹrà.

Epoxy, ìyẹn oje olómi tí a máa ń po mọ́ èròjà mìíràn kó lè le, ló ń dènà omi, ọ̀dà ló ń dènà oòrùn. Epoxy tí a kò kun nǹkan lé, oòrùn á sọ ọ́ di rúsúrúsú, á sì sán wẹ́wẹ́.

Kí pákó gbẹ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 12% lọ. Etí máa ń mu epoxy gan-an, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ ká kùn ún, kí a máa kun èyí tó kàn nígbà tí ti ìṣáájú ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀. Ní ti sikúrúù, a ó lu ihò tó tóbi jù ú lọ, a ó fi epoxy tó ki dí i, bó bá le tán, a ó tún lu àárín rẹ̀. Sikúrúù kò ní kan igi mọ́ nìyẹn.

Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo ni kí a fi po oje epoxy mọ́ hardener, èròjà tó ń mú un le, ìbáà jẹ́ 2:1 tàbí 5:1. Àfikún hardener kì í mú un yá. Ńṣe ló ń jẹ́ kó rọ̀ títí. Ìgbà tí ooru bá ń lọ sílẹ̀ ló dára jù láti kùn ún. Bí ooru bá ń pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ inú igi á fẹ̀, á sì gbé ìléròrò sójú iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú rèé: àwọn epoxy kan, bí wọ́n bá ti le, á sun nǹkan ọ̀rá fẹ́lẹ́ síta. Omi lásán àti kànrìnkànrìn oníke ló ń fọ̀ ọ́ kúrò, a ó sì fi aṣọ mímọ́ nù ún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi sáńpépà ha á, ó kàn ń tẹ ọ̀rá yẹn wọ inú ojú ìfà ni. Sáńpépà á dí, ọ̀dà tó bá gun orí rẹ̀ á bó tàbí kó kọ̀ láti gbẹ. Lẹ́yìn fífọ̀ ni sáńpépà nọ́ńbà 80 á tẹ́ ojú rẹ̀, kí nọ́ńbà 120, tó kúnná jù ú lọ, tẹ̀ lé e, láìgé dé igi. Kí a fi nǹkan bo imú àti ẹnu nígbà náà.

Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà ọ̀dà gan-an lẹ́ẹ̀mejì. Funfun tàbí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ló sàn: dúdú máa ń gba ooru, epoxy sì lè rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí igi hàn á lo fáníìṣì tó ń dènà ìtànṣán oòrùn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà, á sì máa tún un kùn déédéé.

Omi òjò tó dúró sínú ọkọ̀ ló ń jẹ igi jù, ju omi òkun lọ. Kí a dojú ọkọ̀ dé lórí igi ìdábùú kí afẹ́fẹ́ lè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bí nǹkan bá ha á dé igi, kí ibẹ̀ gbẹ dénú kí a tó fi epoxy dí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi la tì mọ́ inú pákó.