Àrùn Tí Kò Gbọ́ Àgbo: Bí Agbo Àdúrà Ìwòsàn Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú

Nínú ọgbà ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn Aládùúrà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ibì kan máa ń wà tí wọ́n sọ ọgbà yí ká, tí wọ́n da yanrìn sí, tí ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà dé. Ilẹ̀ Àánú ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, tàbí ẹni tí ó kàn fẹ́ dá wà níwájú Ọlọ́run kí ó lè yẹ ìgbé ayé ara rẹ̀ wò, yóò bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, yóò kúnlẹ̀, yóò fi iwájú orí kan yanrìn. Ìgò omi rẹ̀ yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì ti ṣí ìdérí rẹ̀ kí àdúrà lè wọ inú omi náà. Ó lè lo wákàtí kan péré, ó sì lè sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí méje, kí ó máa gba ààwẹ̀, kí ó máa ka Sáàmù.

Tí a bá béèrè ibi tí irú nǹkan báyìí ti ṣẹ̀ wá, ìdáhùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan ní Èkó ni ó ti wá, pé àwọn aláṣọ funfun ni wọ́n gbé e dé. Àwọn mìíràn ní igbó ìbílẹ̀ ni wọ́n gbé àgbélébùú sí, tí wọ́n wá yí orúkọ rẹ̀ padà. Èmi kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì tán. Lóòótọ́, ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí ọmọ Ìjẹ̀bú: ilédì Òṣùgbó wà, igbó Agẹmọ wà, gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú pàápàá sì wà nínú Erédò Súngbọ́, yàrà àti odi àtijọ́ tí ó yí wa ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n dá agbo àdúrà sílẹ̀ kò ní ilẹ̀ kankan lọ́kàn. Àwọn fúnra wọn ni agbo náà. Ènìyàn ni ó kọ́kọ́ yí ara wọn ká, ìgbà tí ó pẹ́ lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ tó wá gba orúkọ.

Ìlú Ìjẹ̀bú-Òde ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nínú ìjọ Àǹgílíkà St. Saviour's, ní ọdún 1918. Nígbà náà, kò tíì ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ́gun àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, tí ọ̀nà tí àwọn baba wa ti tì mọ́ àjèjì fi ṣí gbayawu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kún inú ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ ìran kìíní tí ó mọ ìwé kà, Bíbélì Yorùbá sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń kà nínú rẹ̀ pé Jésù gbé ọwọ́ lé aláìsàn, ara rẹ̀ sì dá. Wọ́n kò sì rí i kí ẹnikẹ́ni máa ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìsìn ọjọ́ Àìkú.

Ọdún 1918 yẹn kò rọgbọ. Ogun Àdùbí jà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá láàrin ọdún náà. Nígbà tí ó di oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ ojú omi gbé ọ̀fìnkìn burúkú tí ó ń jà káàkiri ayé dé Èkó, ó sì bá ojú irin àti ọ̀nà ọjà wọ gbogbo ìgbèríko. Lùkúlùkú ni àwọn àgbà pè é, orúkọ àrùn tí ń pa adìẹ, nítorí bí adìẹ ṣe ń kú ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni ènìyàn ń kú. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé ẹ̀mí tí ó bá a lọ ní Nàìjíríà láàrin oṣù mélòó kan tó 500,000. Oògùn òyìnbó kò rí i ṣe. Àgbo inú ìkòkò kò rí i ṣe. Ẹni tí ó ń bu àgbo fún aláìsàn ní àárọ̀ lè di aláìsàn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nínú ìjọ náà, ọkùnrin kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Daddy Ali, òun ni ó ń tọ́jú ilé ìjọsìn. Ó lá àlá kan ní ọdún 1918 kan náà. Ó rí i tí ìjọ pín sí ọ̀nà méjì: apá kan tóbi, òkùnkùn sì bò ó; apá kejì kéré, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń tàn níbẹ̀. A jẹ́ kí ó yé e pé àwọn tí wọ́n ń gbàdúrà ni apá kékeré yẹn. Ó sọ ọ́ fún àwọn àgbà ìjọ, wọ́n sì dá àwùjọ kékeré kan sílẹ̀ láti máa pàdé fún àdúrà. Mo rò pé àlá yìí ni ó sọ bí agbo náà yóò ṣe rí títí dòní. Agbo àdúrà kì í ṣe èrò ọjà. Àwọn díẹ̀ ni, tí wọ́n mọ ara wọn, tí wọ́n fi ẹ̀yìn fún òkùnkùn, tí wọ́n sì kọ ojú sí ara wọn.

Olórí wọn ni Joseph Ṣadare, tí a tún ń pè ní Esinsinade, ọmọ ìgbìmọ̀ Sínọ́ọ̀dù Àǹgílíkà, alágbẹ̀dẹ wúrà ní iṣẹ́ ọwọ́. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni orúkọ tí àwùjọ náà wá jẹ́, orúkọ tí ó bá alágbẹ̀dẹ wúrà mu rẹ́gí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sophia Ọdúnlámì, ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́. Àrùn náà dá òun pàápàá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ bíi márùn-ún, ó sì gbọ́ ohùn kan lórí àìsàn. Ohun tí ó jáde wá sọ ni pé Ọlọ́run yóò rọ òjò, pé omi òjò yẹn ni kí àwọn ènìyàn fi àdúrà lò, kí wọ́n sì pa oògùn tì. Àwọn ènìyàn gbé ìkòkò àti garawa síta. Láti ìgbà yẹn ni omi ti wọ inú agbo, tí kò sì tíì jáde. Àgbo tí wọ́n ti ń mu láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, agbo ni wọ́n wọ̀. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀.

Òkìkí Ọdúnlámì kàn, òun àti Ṣadare sì jọ ń ṣe olórí ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí àrùn lọ, ẹgbẹ́ kò tú ká. Èyí ni ó sì dá ìjà sílẹ̀, torí pé ohun tí ìjọ lè gbójú fò nígbà àjàkálẹ̀ kò rọrùn láti gbà nígbà tí ara ti rọ gbogbo ìlú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Òde tí ó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Èkó, David Òdùbánjọ, ti ń gba ìwé ìròyìn ìjọ kan tí ó wà ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Faith Tabernacle. Ohun tí ó kà níbẹ̀ jọ ohun tí àwọn ará ilé ti ń ṣe láìsí ẹni tí ó kọ́ wọn: ìwòsàn nípa ìgbàgbọ́ nìkan. Ìwé yẹn tún kọ́ wọn pé a kò gbọ́dọ̀ ṣe ìsàmì fún ọmọ ọwọ́. Lórí èyí àti lórí ọ̀rọ̀ oògùn àti àlá, Bíṣọ́ọ̀bù Melville Jones wá bá wọn sọ̀rọ̀, wọn kò gbà. Ní ọdún 1922, wọ́n jáde kúrò ní ìjọ Àǹgílíkà. Ṣadare fi ipò rẹ̀ ní Sínọ́ọ̀dù sílẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ọdúnlámì. Wọ́n lé àwọn ọmọ wọn kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ.

Láti inú agbo yìí ni ọ̀nà gbà títí dé ìsọjí tí wòlíì Joseph Babalọlá ṣe ní Ìléṣà ní ọdún 1930, àti títí dé Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi tí gbogbo ayé mọ̀ sí CAC. Ìtàn yẹn gùn, àwọn mìíràn sì ti sọ ọ́ dáadáa. Ọ̀dọ̀ wa ní Rẹ́mọ ni mo fẹ́ yà sí, nítorí ibẹ̀ ni agbo ti di ilẹ̀.

A bí Josiah Òṣítẹ̀lú ní Ògèrè ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1900. Ó di olùkọ́ lábẹ́ CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Àǹgílíkà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1925, ní òru, ó rí ojú ńlá kan tí ó ń tàn bí oòrùn. Ẹ̀rù bà á, ó wá ìtọ́jú kiri nítorí ó rò pé ayé ni wọ́n ń bá òun jà, títí àgbà onígbàgbọ́ kan fi sọ fún un pé kí ó da gbogbo oògùn nù, kí ó gba ààwẹ̀, kí ó sì máa ka Sáàmù. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìran rẹ̀ kò sì bá ìjọ tí ó ń ṣiṣẹ́ fún lára mu. Ní ọdún 1926 wọ́n dá a dúró. Ó padà sí Ògèrè, ó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta wà nínú ààwẹ̀ àti àdúrà, ó ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, àwọn mìíràn ní àmì ìkọ̀wé tí òun nìkan lè kà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ yìí. Agbo Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ láti inú àjàkálẹ̀, ènìyàn púpọ̀ ni ìpọ́njú kan náà bá. Ti Ògèrè bẹ̀rẹ̀ láti inú ìdákẹ́jẹ́ ẹnì kan. Ẹni tí ó dá wà kò ní agbo ènìyàn tí yóò yí i ká, ó nílò ibi tí yóò dúró. Ìdí tí mo fi rò pé Rẹ́mọ ni ilẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1929, Òṣítẹ̀lú wàásù ní gbangba ní Ògèrè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1930, ó dá Ìjọ Olúwa, Aládùúrà, sílẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn mẹ́wàá. Òun àti àwọn Ṣadare àti Òdùbánjọ kọ́kọ́ jọ rìn, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1931 wọ́n pínyà lórí àwọn orúkọ mímọ́ tí Òṣítẹ̀lú ń pè àti bí ó ṣe ń tú àjẹ́ fó. Ìyapa yẹn fún un ní àyè láti ṣe é bí ó ti fẹ́. Ilẹ̀ Àánú di ara ilé ìjọsìn rẹ̀: ọgbà, yanrìn, ẹsẹ̀ lásán, ẹni tí ó ń yí nínú yanrìn bí ó ti ń ké pe Ọlọ́run. Obìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ibẹ̀, òfin tí àwọn obìnrin kan nínú ìjọ kò fi ojú rere wò mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọ yìí ti ń gbé obìnrin dé ipò òjíṣẹ́ tipẹ́.

Ní ọdún 1937, ó pe gbogbo ìjọ jọ sí orí òkè kan ní Ògèrè, ó sì sọ ọ́ ní Òkè Tabborrar. Láti ìgbà náà, ọjọ́ mẹ́tàlá ni wọ́n fi ń gba ààwẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n ń parí rẹ̀ sórí òkè ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ. Àwọn tí ó ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá mọ Ògèrè sí ibi tí àwọn tírélà tò sí títí ojú kò fi lè tó o, eruku àti èéfín dísù. Nínú ìlú kan náà ni àwọn aláṣọ funfun ń wọ̀ ní oṣù Kẹjọ, bàtà ní ọwọ́, kẹ́ẹ̀gì omi ní orí.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo rí obìnrin àgbàlagbà kan ní Ilẹ̀ Àánú kan ní Rẹ́mọ, tí ó kúnlẹ̀ ti ìgò omi rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò náà lórí yanrìn, ó to páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta tí wọ́n kọ fún un ní ilé ìwòsàn, ó ṣí ẹnu wọn sílẹ̀ bí ó ti ṣí ti omi, ó sì gbàdúrà lé gbogbo rẹ̀ lórí pọ̀. Aṣọ́gbà kọjá lẹ́bàá rẹ̀, ó kí i, kò sọ nǹkan kan. Ká ní agbo Ṣadare ni ó wọ̀ ní ọdún 1922 ni, àwọn páálí yẹn ni wọn ì bá kọ́kọ́ bi í léèrè.